Ọ̀pọ̀tọ́ Aláwọ̀ Ewé ti Ààfin Lambeth

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní apá gúúsù odò Thames, ní òdìkejì ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, ni Ààfin Lambeth wà, ilé Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury. Nínú àgbàlá rẹ̀, igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá kan fẹ̀yìn ti ògiri gbọ̀ngàn àtijọ́. Ìtàn sọ pé Kádínà Reginald Pole, tí ó wà ní ipò náà láti 1556 títí ó fi kú ní 1558, ni ó mú irú rẹ̀ wá láti Ítálì. White Marseilles ni orúkọ rẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀pọ̀tọ́ inú igbó tiwa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbátan ni wọ́n. Èyí tí Bíbélì ń dárúkọ ni. Bí ó ti wù kí ó pọ́n tó, èèpo rẹ̀ kì í pupa, kì í sì í dúdú. Ó dà bí ọsàn ilẹ̀ wa, tí èèpo rẹ̀ lè tutù yọ̀yọ̀ kí inú rẹ̀ sì ti dùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ wà ní Peckham àti agbègbè rẹ̀, ẹ má ṣe wo àwọ̀. Ọrùn èso ni kí ẹ wò. Bí ó bá pọ́n, ọrùn yóò tẹ̀, èso yóò dorí kodò, ara rẹ̀ yóò rọ̀, èèpo lè sán, omi adùn sì lè sun ní ìdí rẹ̀. Èyí tí a bá já ṣáájú àkókò kì yóò dùn mọ́.

A kì í mú ìyàwó wọlé láìwádìí ìdílé rẹ̀; bẹ́ẹ̀ ni igi yìí. Inú White Marseilles funfun, ó sì dùn bí oyin. Adriatic tutù lóde, ó pupa nínú. Inú Kadota, tí àwọn ará Ítálì ń pè ní Dottato, ní àwọ̀ oyin. Ṣùgbọ́n ẹ yẹra fún irú ti Smyrna, láti ilẹ̀ Tọ́kì. Kòkòrò kékeré kan, ìbátan agbọ́n, ni ó gbọ́dọ̀ gbé ìyẹ̀fun òdòdó akọ wọ inú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ Kalifọ́níà gbìn ín ní àwọn ọdún 1880. Èso rẹ̀ ń rẹ̀ dànù títí kòkòrò náà fi fìdí múlẹ̀ ní Fresno ní 1899. Ní England, kòkòrò yìí kò sí. Ọdún mélòó ni ẹ ó fi bomi rin igi tí kò ní fún ọmọ yín ní èso kan?

Ẹ má ṣe gbin kóró rẹ̀, nítorí ọmọ kì í jọ ìyá. Ẹ gba ẹ̀ka lọ́wọ́ aládùúgbò tí ẹ ti tọ́ èso igi rẹ̀ wò, tàbí kí ẹ ra igi tí a kọ orúkọ sí lára. Ní ìgbà òtútù, ẹ gé ẹ̀ka tí ó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30, ẹ rì í mọ́ ilẹ̀ kí ojú kan tàbí méjì yọ sókè. Ìkòkò tí ó há díẹ̀, lẹ́bàá ògiri tí oòrùn ń pa, tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ní oṣù kọkànlá, ẹ já àwọn èso ńlá tí kò pọ́n dànù. Ẹ fi àwọn tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ sílẹ̀ ní orí ẹ̀ka, àwọn ni yóò pọ́n lọ́dún tí ń bọ̀.

Ẹ ṣọ́ àwọn ọmọdé: bí oje igi náà bá kan ara tí oòrùn sì pa á, ara lè lé ròrò.

Ọ̀pọ̀tọ́ tí ó pọ́n dáadáa kì í pẹ́ bàjẹ́, nítorí náà ni àwọn oníṣòwò fi máa ń tètè já a. Ẹni tí ó gbìn ín sí ẹ̀yìnkùlé ni ó ń jẹ adùn rẹ̀.