Kí A Tó Pe Ọmọ Ní Olódo

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n orúkọ kan wà tí a máa ń sọ ọmọ ní ilé-ìwé láìwo ilé rárá: olódo ni orúkọ náà. Orúkọ a sì máa ro ọmọ. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ wo ilé tí olúkúlùkù wa kọ́kọ́ gbé, èyí tí í ṣe inú ìyá rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ka ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó kìlógíráàmù 2.5 nígbà ìbí sí ọmọ kékeré. Ẹlòmíràn kéré nítorí pé àwọn òbí rẹ̀ kò tóbi, kò sì sí ewu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ibà bá ń ṣe aboyún, kòkòrò ibà a máa sá pamọ́ sínú ibi ọmọ, ibẹ̀ gan-an ni oúnjẹ sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Bí ẹ̀jẹ̀ ìyá kò bá tó, ohun tí ọpọlọ ọmọ fi ń dàgbà yóò dín kù. Síbẹ̀ àwọn kan ṣì ń kìlọ̀ fún aboyún pé kí ó má jẹ ìgbín, kí ọmọ rẹ̀ má baà máa da itọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbín wà lára oúnjẹ tí ń fún ni ní ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀ràn náà kan ìwé kíkà pàápàá. Ní ọdún 2013, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ ìwádìí kan jáde lórí ìyá tí ó lé díẹ̀ ní 1,000 ní agbègbè Bristol àti àwọn ọmọ wọn. Áyódíìnì, èròjà tí ó wà nínú ẹja òkun, ni wọ́n wá lára àwọn ìyá náà nígbà oyún. Nígbà tí àwọn ọmọ di ọmọ ọdún 9, ìwé kíkà nira fún àwọn tí áyódíìnì ìyá wọn kò tó ju fún ẹgbẹ́ wọn lọ. Nítorí irú ewu yìí ni a ṣe ń fi í sínú iyọ̀ ní Nàìjíríà.

Ìyá mi ṣàìsàn ibà léraléra nígbà tí ó lóyún àbúrò mi obìnrin. Kìlógíráàmù 1.9 ni wọ́n kọ sí káàdì rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀, ó sì pẹ́ kí ó tó dá a, b, d mọ̀. Olùkọ́ kan pè é ní olódo lójú gbogbo kíláàsì, láti ọjọ́ náà ni kò ti fẹ́ kàwé sókè mọ́. Ìyá mi kò bínú sí olùkọ́; ó kàn ní, “Èmi ni mo fi ìyà jẹ ẹ́ kí ó tó dé ayé.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí ju èébú náà lọ, nítorí ìyá mi kò jẹ̀bi. Kò sí ẹni tí ó fún un ní àwọ̀n ẹ̀fọn, owó ẹja sì ṣọ̀wọ́n.

Nígbà ìsinmi, àlọ́ ni mo fi ń kọ́ àbúrò mi ní ìwé. Ó ń kà á wàyí, díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí a bí ní kékeré kò kọjá ìrànlọ́wọ́, bí a bá tètè rí i. Ní ọdún 1956 ni Dókítà David Morley dé Ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Iṣẹ́ tí òun àti àwọn ìyá Ìmẹ̀sí-Ilé jọ ṣe wà lára ohun tí ó mú káàdì ìwọ̀n ọmọ, tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé, tàn ká ayé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò di olùkọ́ lọ́la. Bí ọmọ kan bá ń fà sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ kí ìyá rẹ̀ kú ewu ọmọ, kí a sì bi í bí ara ti rí nígbà oyún. Lẹ́yìn èyí ni kí a wá bi ọmọ ní ìṣirò.