Aṣọ Àtijọ́ Tí Ìdílé Fọwọ́ Rán Lọ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ti ń gbé ayé àtijọ́ lójú àlejò yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kó nǹkan sínú àpótí onígíláàsì. Odidi àdúgbò ni wọ́n ń tún kọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ń lu irin, aránṣọ ń rán aṣọ, alásè ń dá iná igi, gbogbo wọn sì wọ aṣọ ìgbà tí wọ́n ń ṣàfihàn. Skansen, tí Artur Hazelius dá sílẹ̀ ní Stockholm lọ́dún 1891, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ la ọ̀nà yìí. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Colonial Williamsburg. Williamsburg ni olú-ìlú Virginia láti 1699 títí di 1780. Nígbà tí ìjọba kó kúrò níbẹ̀, ìlú náà rẹ̀yìn, ó sì di 1926 kí Àlùfáà W. A. R. Goodwin àti olówó ńlá nì, John D. Rockefeller Jr., tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe.

Àwọn ìdílé kan wà tí kì í fẹ́ fi aṣọ òde òní wọ irú ibẹ̀. Wọ́n á jókòó ti abẹ́rẹ́ fún oṣù púpọ̀, wọ́n á rán ti bàbá, ti ìyá àti ti ọmọ. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe ni pé kí wọ́n mú ọdún kan àti ipò kan, torí aṣọ 1740 kì í ṣe aṣọ 1775, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ìyàwó agbẹjọ́rò kì í ṣe aṣọ ìyàwó káfíńtà.

Aṣọ ọ̀gbọ̀, aṣọ irun àgùntàn, aṣọ òwú àti ṣẹ́dà ni ayé ìgbà náà ń lò. Síìpù kò sí. Ẹ̀rọ ìránṣọ náà kò tíì dé, torí 1846 ni Elias Howe tó gba ẹ̀tọ́ olùpilẹ̀ṣẹ̀ lórí tirẹ̀. Ọwọ́ nìkan ló kù. Aránṣọ á fa òwú kọjá lára ìda oyin kí ó má baà fọ́n. Bó bá ti rán ojú aṣọ méjì pọ̀ tán, á ká etí rẹ̀ pa mọ́ sínú, á tún un rán lẹ́ẹ̀kejì, kí fífọ̀ má baà tú u. Aṣọ wọ́n, nítorí náà wọn kì í fi ṣòfò: onígun mẹ́rin ni wọ́n ń gé ara àti apá ṣìmí, wọ́n á wá fi ègé kékeré kan sábẹ́ abíyá kí apá lè gbé sókè.

Wíwọ̀ rẹ̀ náà ní ètò. Ṣìmí ọ̀gbọ̀ ni obìnrin máa ń kọ́kọ́ wọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi okùn dì mọ́ ẹsẹ̀. Kọ́sẹ́ẹ̀tì ló tẹ̀ lé e. Látijọ́, nǹkan líle tí wọ́n ń gé lẹ́nu àbùùbùtán ló ń mú kọ́sẹ́ẹ̀tì dúró ṣánṣán. Lónìí, ọ̀pá ike tàbí pankẹ́rẹ́ ló rọ́pò rẹ̀. Àpò kò sí lára ẹ̀wù: ó dá dúró, wọ́n ń so ó mọ́ ìdí lábẹ́ aṣọ, bí tòbí tí ìyá ọlọ́jà ń kó owó sí. Yẹ̀rì á wá bò ó, ẹ̀wù òkè á tẹ̀ lé e, píìnì ni wọ́n sì fi ń mú iwájú ọ̀pọ̀ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀ pọ̀. Ìborùn àti fìlà ló parí rẹ̀. Ti ọkùnrin ni ẹ̀wù funfun gígùn, ṣòkòtò tó mọ ní orúnkún, wésíkóòtù, kóòtù àti fìlà onígun mẹ́ta. Ọmọkùnrin kékeré kì í tíì wọ ṣòkòtò. Gáùn bíi ti ọmọbìnrin ni tirẹ̀ títí yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 4 sí 7.

Ara ló ń gba ẹ̀kọ́ tí aṣọ yìí ń kọ́ni. Bí nǹkan bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ìyá tó wọ kọ́sẹ́ẹ̀tì kò lè tẹ ẹ̀yìn ba láti mú un. Yóò kúnlẹ̀ ni. Nínú ooru Virginia, ṣìmí ọ̀gbọ̀ ló ń fa òógùn mu kí ó má baà dé ara ẹ̀wù òkè, òun sì ni wọ́n ń fọ̀ léraléra. Ibẹ̀ ni ìbéèrè ti ń jáde: ta ló ń fọ̀ ọ́?

Kí ogun òmìnira Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀, èèyàn dúdú ju ìdajì àwọn ará Williamsburg lọ, ẹrú sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọwọ́ wọn ni ìfọṣọ, ìdáná àti ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wà. Aṣọ là ń kí kí á tó kí ènìyàn. Ti ẹrú ni osnaburg, aṣọ ọ̀gbọ̀ yíyi tí wọ́n fi orúkọ ìlú Osnabrück ní Jámánì pè. Bí ẹrú bá sá lọ, olówó rẹ̀ á kéde rẹ̀ nínú Virginia Gazette, ìwé ìròyìn tó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú náà ní 1736, á sì to aṣọ ọrùn rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ìkéde tí wọ́n ṣe láti fi mú wọn ló wá di ẹ̀rí pàtàkì nípa ohun tí wọ́n wọ̀. Ó di 1979 kí Colonial Williamsburg tó bẹ̀rẹ̀ ètò tí àwọn òṣèré dúdú fi ń ṣàfihàn ìgbé ayé àwọn ẹrú náà fún àlejò.

Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan kì í gba àgbàlagbà àlejò láyè láti wọ aṣọ àtijọ́, kí ẹlòmíràn má baà rò pé òṣìṣẹ́ ni, nítorí náà ó yẹ kí ìdílé béèrè òfin ibẹ̀ kó tó gbéra. Kí wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ rán díẹ̀ nínú tirẹ̀, ì báà ṣe etí aṣọ lásán. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí òbí tó bá wọ ọmọ rẹ̀ láṣọ olówó ayé àtijọ́ sọ ìtàn alágbàfọ̀ náà fún un, torí aṣọ tó dákẹ́ nípa ẹni tó fọ̀ ọ́ kò tíì sọ ìtàn tán.