Fréjọ̀n Àwọn Àgùdà

Mùsùlùmí ni wá nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ ilé wa tí kì í retí ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde. Fréjọ̀n ló fà á. Láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni àwọn ìyá ní Pópó Àgùdà ti ń gbé ẹ̀wà kaná. Wọ́n á sè é títí á fi rọ̀ dáadáa, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á fi omi àgbọn àti ṣúgà sí i, wọ́n á tún dá a padà sórí iná. Òórùn kànáfùrù á ti gba gbogbo àdúgbò kan. Àwọn Àgùdà kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà, ẹja díndín àti ọbẹ̀ ata ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Àwa ọmọdé a máa da gààrí lé e. Abọ́ tiwa kì í yẹ̀. Bí Iléyá bá sì dé, Màámi á bu ẹran sínú abọ́ yẹn, á ní ká gbé e padà fún wọn. Nígbà tó yá, Màámi lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sè é. Kò gbààwẹ̀ wọn o, fréjọ̀n nìkan ló mú.

Ọmọ àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ni àwọn Àgùdà, Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn tí àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde ogun ní Bahia ní 1835, ayé há mọ́ àwọn tó ti gba òmìnira níbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ bá wọkọ̀ padà sí Èkó àti Àjàṣẹ́. Iṣẹ́ bíríkìlà, káfíńtà àti aṣọ rírán bá wọn bọ̀. Àkàrà tí àwọn ìyá wọn gbé lọ kò bá wọn padà ní tirẹ̀: wọ́n ṣì ń fi epo pupa dín in ta ní Bahia dòní.

Mo di olùkọ́ jọ́gíráfì lẹ́yìn náà, mo sì ka nípa Torsten Hägerstrand, ará Sweden, tó fi hàn ní 1953 bí nǹkan tuntun ṣe ń ti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ kan dé ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ̀rín pa mí. Abọ́ Màámi ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń sọ!

Ìwé tún ní àṣà mìíràn a máa ti ọ̀dọ̀ ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀. Ti ilé tí àwọn Àgùdà ń kọ́ rí bẹ́ẹ̀. Àgùdà kan, João Baptista da Costa, ló ya àwòrán Mọ́sálásí Shitta Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, Sàró, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn tó ti Sierra Leone bọ̀, ni ẹni tó náwó lé e. Nígbà tí owó kòkó dé, àwọn olówó Iléṣà àti Ìjẹ̀bú-Òde náà kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì olópòó, tí fèrèsé rẹ̀ tẹ̀ lókè. Eré Fàǹtí, tí àwọn Àgùdà fi ń jó kiri ìgboro, ńkọ́? Òlówógbowó, àdúgbò àwọn Sàró, ní tirẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ní àṣà àjèjì ni gbogbo èyí, n kì í dá a lóhùn.

Ohun tó ń dùn mí ni àwọn ilé náà. Ilojo Bar ní Tinúbú, tí àwọn Fernandez kọ́ ní nǹkan bí 1855, tí ìjọba sì kà mọ́ ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1956, wọ́n wó o lulẹ̀ ní 2016. Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ ṣì kù sí lọ́wọ́ ní Pópó Àgùdà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún ẹni tó fẹ́ wó o.