ỌYA WỌLẸ̀, ABÍỌ́DÚN Ò WỌLẸ̀

 

Àwọn òbí kan ń bi wá pé, "Pásítọ̀, ọmọbìnrin wa lóun fẹ́ ṣe tíátà. Ṣé kò ní di aṣẹ́wó báyìí?" Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn ìyá kan dá yín lóhùn.

Ta ni ọmọ Ọ̀yọ́ tí kò mọ ìtàn Aláàfin Ṣàngó? Ìlú kọ̀ ọ́, ó jáde. Àwọn kan ní ó pokùn so, àwọn tirẹ̀ ní ọba kò so. Ọya ìyàwó rẹ̀ gbọ́, òun náà wọlẹ̀ ní Irá, ó di odò. Ìtàn yìí ni Dúró Ládípọ̀ sọ di eré Ọba Kò So. Òun fúnra rẹ̀ ni Ṣàngó, Abíọ́dún ìyàwó rẹ̀ sì ni Ọya. Wọ́n gbé e dé Berlin ní Jámánì lọ́dún 1964, wọ́n gbé e dé ìlú Ọba lọ́dún 1965, wọ́n tún gbé e dé Amẹ́ríkà. Màmá tún ṣe Mọremí nínú eré mìíràn, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ wọn títí dòní.

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀: ilé Ọlọ́run ni! Ọmọ olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà ni Dúró Ládípọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó kọ orin Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì ní Òṣogbo, ó fi ìlù Yorùbá sí i. Àwọn àgbà ìjọ bínú, wọ́n ní ìlù òrìṣà ni. Ó bá kó ìlù rẹ̀ jáde. Hmmm. Ìlù tí wọ́n lé lánàá, ṣebí òun náà là ń jó sí lọ́jọ́ Sunday báyìí?

Láyé ìgbà yẹn, èébú ni kí wọ́n pe èèyàn ní alárìnjó. Obìnrin tó bá bá wọn lọ, ayé ti sọ pé ó ti bàjẹ́. Síbẹ̀ Màmá lọ.

Ní March 1978, Dúró Ládípọ̀ kú. Ká ní eré ni, Ọya ì bá wọlẹ̀. Àmọ́ Abíọ́dún ò wọlẹ̀! Ó di ẹgbẹ́ náà mú, ó ń bá Ọba Kò So lọ, títí àwọn tí wọn ò tíì bí nígbà náà fi rí i wò.

Ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ yín Lérè Pàímọ́, Ẹ̀dá Onílé-Ọlá, gba inú ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀ kọjá kó tó di Ṣọ̀ún Ògúnlọlá nínú fíìmù Ògbórí Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́. Ẹ ń fi í yangàn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Kí ló wá dé tí ọ̀nà tí ọmọkùnrin gbà tó fi di ọlọ́lá, tí ọmọbìnrin bá gbà á, ẹ ó ní ó ti di aṣẹ́wó?

Ẹnìkan á ní, "Ọya òrìṣà ló ṣe ń kọ́." A ò bọ Ọya, a ò sì ní bọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ṣe Júdásì nínú eré Àjíǹde wa, ṣé ẹ ta Jésù ni? Míríámù gbé ìlù, ó jó níwájú gbogbo Ísírẹ́lì. Kò sẹ́ni tó pè é ní aṣẹ́wó.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ má lé ọmọ yín jáde bí wọ́n ṣe lé ìlù. Ẹ mọ ẹni tó ń tẹ̀ lé. Ẹ mọ ibi tó ń sùn. Ẹ ka ìwé kó tó fọwọ́ sí i. Ẹ gbàdúrà fún un, kẹ́ ẹ sì lọ wo eré rẹ̀. Ọmọ tó mọ̀ pé ilé ń wo òun kì í tètè ṣìnà.

Ẹ̀yin opó wa, tiyín rèé: iṣẹ́ tí ẹ̀yin àti ọkọ yín jọ bẹ̀rẹ̀ kò ní bá a wọ ibojì lórúkọ Jésù. Ẹ ò ní wọlẹ̀!

Bó bá jẹ́ tiyín, ẹ kọ Àmín sísàlẹ̀.