Ọ̀pá Gọ́ọ̀fù Ẹ̀gbọ́n Mi

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe ní Ṣágámù níbí, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí téèpù ti wà lọ́rùn mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni mo rí kọ́ nídìí iṣẹ́ náà, n ó sọ fún un pé ènìyàn kì í fẹ́ kí a wọn òun dáadáa. Ẹ wo àgbà ọkùnrin tí ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú: bí mo bá ti fi téèpù yí i ká, kíá ni yóò fa ikùn náà wọlé bí ẹni tó fẹ́ mòòkùn. Ẹ wo ìyá ìyàwó: yóò ní kí n má wulẹ̀ wọn òun, ṣebí ìwọ̀n òun ti ọdún 3 sẹ́yìn ṣì wà nínú ìwé mi. Olúkúlùkù wa ló ní ara kan tó gbé sọ́kàn, tó yàtọ̀ sí èyí tó gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n aṣọ kò mọ ara ọkàn o. Èyí tó bá rí ni yóò jẹ́rìí sí.

Ọ̀rọ̀ aṣọ kọ́ ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ti fẹ́ ṣí ìwé kọjá, á ní eré àwọn ọlọ́lá ni, kí ló kan télọ̀? Ẹ ní sùúrù. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ti lé ní àádọ́rin ọdún, kì í sì í ṣe ọlá ló mú wọn dé ìdí gọ́ọ̀fù. Èjìká ni wọ́n fi gbé àpò débẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ ìbátan wa kan ní Èkó, kádì ni wọ́n ń ṣe ní Ìkòyí, wọ́n ń gbé àpò ọ̀pá tẹ̀lé àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n wà lára àwọn tó wòran lọ́dún 1971 nígbà tí Lee Elder, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, gba ife-ẹ̀yẹ Nigerian Open. Kádì ni Lee Elder náà ti jẹ́ rí, òun ló sì wá di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó kópa nínú ìdíje Masters ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1975. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí ọkùnrin náà ṣe ń ju apá lọ́jọ́ náà lòun ń fara wé títí di òní.

Nígbà tó yá, wọ́n ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan, wọ́n dàgbà nídìí rẹ̀, àwọn náà wá di ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù, tí ọmọ ẹlòmíràn ń gbé àpò tẹ̀lé. Ìgbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n padà wálé sí Ṣágámù. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń gba títì márosẹ̀ kọjá Ògèrè lọ sí Ìbàdàn, lọ gbá gọ́ọ̀fù pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn. Àwọn 6 ni wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀. 3 ló kù báyìí. Dókítà ti sọ pé rírìn yẹn dára fún ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, nítorí ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin ihò 18 tán yóò ti rin máìlì 4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé kì í ṣe ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan. Nítorí ọjọ́ Sátidé yẹn ni wọ́n ṣe ń fá irùngbọ̀n ní Jímọ̀.

Ọmọ wọn tó wà ní Amẹ́ríkà ló wá ní òun fẹ́ fi dírẹ́fà tuntun ránṣẹ́. Ìyàwó wa, ìyẹn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, gbọ́ ọ sí dírẹ́bà. Ó ní, "Dírẹ́bà wo lẹ fẹ́ gbà láti Amẹ́ríkà? Ta ni yóò máa san owó oṣù rẹ̀?" A rẹ́rìn-ín títí.

Kì í ṣe dírẹ́bà mọ́tò. Nínú ọ̀pá 14 tí òfin gbà kí ènìyàn kó sínú àpò, dírẹ́fà ló gùn jù, òun ló sì ń gbé bọ́ọ̀lù lọ jìnnà jù. Àwọn tó tẹ̀lé e ni wọ́n ń pè ní "wood", ìyẹn igi, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí igi lára wọn mọ́. Láyé tí ẹ̀gbọ́n mi ń gbé àpò, igi gidi ni orí wọn, igi persimmon, tí í ṣe ìbátan igi ẹ́bónì tó wà nínú igbó tiwa. Lọ́dún 1979 ni Gary Adams dá ilé-iṣẹ́ TaylorMade sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó ń ta èyí tí orí rẹ̀ jẹ́ irin. Lọ́dún 1991, Callaway gbé Big Bertha jáde, orí náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Wọ́n kúrò lórí irin, wọ́n bọ́ sórí titanium tó fúyẹ́ tó sì lágbára, orí ń wú, ó ń wú, títí àwọn aṣòfin eré náà fi pa á láṣẹ lọ́dún 2004 pé kò gbọdọ̀ ju 460 cc lọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ike omi onídajì lítà nìyẹn. Ti igi àtijọ́ kò tó ìdajì rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí a sì ń torí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí kò gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 45.93 lọ!

Èyí tí ọmọ fi ránṣẹ́ dára lójú. Mo gbọ́ pé irú rẹ̀ lè tó dọ́là 600. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀ sí náírà, ńṣe ni mo wá àga jókòó. Orí rẹ̀ ń dán bí bàtà ọjọ́ ìgbéyàwó. Lẹ́tà S wà lára ọ̀pá rẹ̀, ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi kan sì ní S yẹn dúró fún "senior", ti àwọn àgbà. Inú wọn dùn pé ọmọ ro tiwọn. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kò mọ̀ pé ọmọ ló fi ọ̀pá ránṣẹ́. Kì í gbéra sókè, ó sì ń yà sọ́wọ́ ọ̀tún wọ inú igbó. Bí ó ṣe ń yà ni ẹ̀gbọ́n mi ń fi agbára kún agbára. Kí oṣù 3 tó pé, ẹ̀yìn ti ń dùn wọ́n. Sátidé kan kọjá, wọn kò lọ. Èkejì kọjá. Bí ọmọ bá pè lálẹ́ Sunday pé, "Dádì, dírẹ́fà yẹn ńkọ́?" wọn á ní, "Ó ń lọ bí ọta ìbọn!" Ìyàwó wa á wò mí, èmi á wolẹ̀.

Òun ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọkọ mi, ẹ bá mi bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá jókòó sílé báyìí, ẹ̀rù ń bà mí o. Ọdún tí ọ̀rẹ́ wọn ará Ìkẹ́nnẹ́ fi eré yẹn sílẹ̀, ọdún yẹn náà ni kò jáde nílé mọ́."

A kì í kọjú sí ẹ̀gbọ́n ẹni kí a ní apá rẹ̀ kò ká nǹkan mọ́. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, bí oníbàárà bá gbé ṣòkòtò wá tó fún un nítan, mi ò jẹ́ ní kó lọ gé itan. Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀pá yìí lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n wọ̀n." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe gbà nìyẹn.

Ọmọkùnrin kan tó kọ́ iṣẹ́ náà wà ní Èkó. Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni mo ti gbà fún un: ó wọn gíga wọn, ó sì tún wọ̀n láti ọrùn-ọwọ́ wọn dé ilẹ̀. Télọ̀ mọ ìdí rẹ̀. Ènìyàn méjì lè ga bákan náà, kí ọwọ́ ọ̀kan gùn ju ti èkejì lọ gan-an. O kò lè rán apá aṣọ kan náà fún wọn. Lẹ́yìn náà ó fọ́n páúdà funfun sójú dírẹ́fà, kí ibi tí bọ́ọ̀lù ti bà á lè hàn, bí mo ṣe máa ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ. Ó gbé ẹ̀rọ rédà kékeré kan kalẹ̀, irú èyí tí ọlọ́pàá ìlú òyìnbó fi ń mú àwọn tó ń sáré àsápajúdé. Ẹ̀rọ náà ń sọ bí orí ọ̀pá ṣe yára tó, bí bọ́ọ̀lù ṣe gbéra àti bí ó ṣe ń yí nínú afẹ́fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀pá ọmọ wọn gbá bọ́ọ̀lù 10. Ẹ̀rọ ní máìlì 78 ní wákàtí kan ni orí ọ̀pá ń sá. Wọ́n ní irọ́ ni, ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́. Ọmọkùnrin náà kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbá a wò, sà." Ó gbá tirẹ̀, ẹ̀rọ ní 108. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́.

Àlàyé tó ṣe rèé. S kì í ṣe "senior" rárá. "Stiff" ni, ọ̀pá líle, ti àwọn tí ọ̀pá wọn ń sá tó máìlì 95 sí 105. R ni ti àárín. A ni ti àwọn tó ń fì í jẹ́jẹ́. Ọ̀pá tó bá le ju agbára ẹni lọ kì í fẹ́ yí dé bọ́ọ̀lù lásìkò, ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀lù fi ń yà sọ́tùn-ún. Ojú dírẹ́fà náà sì dagun sẹ́yìn ní dìgírì 9 péré. Ẹni tó bá lágbára gan-an ló lè fi ìyẹn gbé bọ́ọ̀lù sókè. Bọ́ọ̀lù tí kò yára, tí a kò sì gbé e ga, ilẹ̀ ni yóò tètè wá. Ó fi àmì inú páúdà hàn wá: etí ni gbogbo wọ́n wà, ọ̀kan kò sí láàárín. Ọ̀pá náà gùn ní ínṣì 46, bẹ́ẹ̀ bí ọ̀pá bá ṣe gùn tó ni ó ṣe ṣòro tó láti fi àárín rẹ̀ bá bọ́ọ̀lù.

Ọmọkùnrin náà wá mú ọ̀pá A jáde. Ẹ̀gbọ́n mi rí lẹ́tà náà, wọ́n ní, "Ọ̀pá arúgbó. Mi ò fẹ́." Ó ní kò burú, sà. Ó mú téèpù dúdú tí àwọn oníná fi ń wé wáyà, ó fi bo lẹ́tà ara gbogbo ọ̀pá tó wà nílẹ̀, ó sì pò wọ́n pọ̀. Ó ní kí Bàbá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan gbá márùn-ún, kí wọ́n máa sinmi láàárín, kí wọ́n sì fúnra wọn mú èyí tó bá wù wọ́n. Ó ní kí wọ́n má wo èyí tó bá lọ jìnnà jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Ẹ̀ẹ̀kan lè ṣèèṣì, sà. Èyí tó ń padà síbì kan náà ni kí ẹ wò."

Ọ̀pá kẹta ni wọ́n mú. Wọ́n ní ẹ̀yìn kò dun àwọn pẹ̀lú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń gbéra bí lékeléke. Nígbà tí wọ́n ṣí téèpù, lẹ́tà A ló wà níbẹ̀, gígùn rẹ̀ ínṣì 44 àbọ̀. Àmì páúdà ti wá sáàárín. Ẹ wá wo nǹkan: máìlì 78 yẹn kò ju 80 lọ, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó ń já sílẹ̀ ní nǹkan bíi yáàdì 150 tẹ́lẹ̀ ti ń dé 175. Agbára wọn kò pọ̀ sí i. Èyí tó ń ṣòfò ló dín kù.

Ó yẹ àwọn wood yòókù wò pẹ̀lú. Ó ní kí wọ́n yọ 3-wood onídìgírì 15 kúrò nínú àpò, kí wọ́n fi 5-wood onídìgírì 18 àti 7-wood onídìgírì 21 rọ́pò rẹ̀, nítorí àwọn yẹn ń ran bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ láti dìde lórí koríko.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ẹ̀gbọ́n mi di dírẹ́fà ọmọ wọn mú, wọn kò sọ̀rọ̀. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn: kí ni wọn yóò sọ fún ọmọ? Ọmọkùnrin yẹn ní, "Orí yìí dára, sà. Ẹ má jù ú nù." Ó mú irin kékeré kan, ó tú ọrùn dírẹ́fà náà, ó fa ọ̀pá líle yọ, ó ki èyí tó rọ̀ bọ̀ ọ́, ó sì yí ọrùn náà kí ojú rẹ̀ lè fi dìgírì 2 dagun sí i.

Ìgbà náà ni mo rántí bàbá wa. Oko obì ni bàbá wa dá, bí ọ̀pọ̀ ará Rẹ́mọ ìgbà náà. Wọn kì í gbé ẹ̀rúkọ́ ẹ̀gbọ́n fún àbúrò. Wọ́n á ní kí o dìde dúró, wọ́n á wo gíga rẹ, wọ́n á gbẹ́ tìrẹ fún ọ. Irin ọkọ́ kan náà ló ń wà níbẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ẹ̀rúkọ́ ló ń yí padà. Nígbà tí àwọn fúnra wọn darúgbó, wọ́n gbẹ́ ẹ̀rúkọ́ tó fúyẹ́ fún ara wọn, wọ́n sì ń lọ sóko. Kò sẹ́ni tó pè é ní ọkọ́ arúgbó. Mo rán ẹ̀gbọ́n mi létí. Wọ́n wo dírẹ́fà náà yípo, wọ́n ní, "Irin kan náà." Mo ní, "Ẹ̀rúkọ́ tuntun."

Lálẹ́ Sunday, mo wà nílé wọn nígbà tí ọmọ pè. Wọ́n kò mẹ́nu ba ọta ìbọn mọ́. Wọ́n ní, "Ọ̀pá tí o fi ránṣẹ́ le jù fún mi. A ti pààrọ̀ ọ̀pá, orí rẹ̀ ni mo ń lò." Ọmọ dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Dádì, mi ò bi yín kí n tó rà á. Bí mo ṣe rí yín ní pápákọ̀ òfurufú lọ́jọ́ tí mò ń lọ ni mo rò." Ọdún 15 nìyẹn. Òun náà ní bàbá kan tó gbé sọ́kàn, dírẹ́fà tó sì bá bàbá yẹn mu ló rà.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó wà lókè òkun, ẹ ṣeun tí ẹ ń rántí ilé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ra bàtà, kí ẹ tó ra ẹ̀wù òtútù, kí ẹ tó ra dírẹ́fà, ẹ béèrè bí Bàbá ṣe rí lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ọ̀pá tòkunbọ̀, ẹ má tìtorí gbajúmọ̀ tó lò ó lórí tẹlifísàn ná owó yín. Ẹ wo lẹ́tà ara ọ̀pá, ẹ wo dìgírì rẹ̀, kí ẹ sì gbá a wò kí ẹ tó sanwó. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Sátidé tó kọjá, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nà wọ́n ní Ìbàdàn, àwọn ni wọ́n sì ra ọtí fún gbogbo wọn. Ìyàwó wa ní láti ọjọ́ tóun ti dáyé, òun kò tíì rí ẹni tí wọ́n nà tí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀.