Èédú Kì Í Dúró De Ẹnìkan

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, omi kò ṣàjèjì sí mi. Èédú, dísẹ́ẹ̀lì àti gáàsì ìdáná ni mò ń fi ọkọ̀ tóóró kiri tà lórí Grand Union, odò àfọwọ́gbẹ́ tó so Lọ́ńdọ̀nù mọ́ Birmingham. Àwọn tó fi ọkọ̀ ṣe ilé ni oníbàárà mi. Bí òtútù bá dé, iná wọn kò gbọdọ̀ kú.

Lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, mo ń gun lọ́ọ̀kì ní Stoke Bruerne. Yàrá omi ni lọ́ọ̀kì: ọkọ̀ á wọlé, a ó ti ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, a ó ṣí omi sí i láti òkè, ọkọ̀ á sì gbéra sókè. Méje ló wà níbẹ̀. Nínú ọ̀kan, ìlẹ̀kùn méjèèjì kọ̀, wọn kò pàdé. Mo fẹ̀yìn ti igi rẹ̀, mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ bíríkì ilẹ̀, pàbó ni. Bí omi ṣe ń wọlé ló ń jáde. Mo pe àwọn tó ń bójú tó odò. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó gbé ràkè olọ́wọ́ gígùn dé. Ìtì igi kan ni wọ́n wọ́ jáde, táyà kẹ̀kẹ́ wé mọ́ ọn. Fóònù mi kò sinmi ní gbogbo àkókò yẹn: màmá àgbà kan lókè Blisworth ní èédú òun ti kan ìsàlẹ̀ àpò.

Bí mo ṣe ń dúró, mo rántí ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ, pé àwọn ọlọ́kọ̀ ẹrù àtijọ́ orí odò yìí kì í kánjú. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Ẹrù tí wọ́n bá gbé délé ni wọ́n ń gbowó rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n fi dúró, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí rélùwéè já ẹrù gbà lọ́wọ́ wọn láyé Ọbabìnrin Victoria, ọ̀pọ̀ kó ìyàwó àti ọmọ wọnú ọkọ̀ kí wọ́n má baà sanwó lébìrà. Inú yàrá tí kò ju nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ ní gígùn ni gbogbo wọn ń sùn. Ihò tí odò gbà lábẹ́ òkè Blisworth, tí wọ́n ṣí ní 1805, gùn ju kìlómítà méjì àtààbọ̀ lọ, ẹṣin tó ń fa ọkọ̀ kò sì rọ́nà gbà nínú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin á dùbúlẹ̀ sórí pákó, wọ́n á máa fẹsẹ̀ rìn lára ògiri nínú òkùnkùn títí ọkọ̀ á fi yọ. Ní Stoke Bruerne yìí kan náà, nọ́ọ̀sì kan, Sister Mary Ward, ń tọ́jú àwọn ọlọ́kọ̀ nínú ilé rẹ̀ létí odò, nítorí ẹni tó bá fi ẹrù sílẹ̀ lọ sí ọsíbítù ti pàdánù oúnjẹ.

Òtútù 1962 sí 1963 ló dá ọ̀pọ̀ wọn dúró pátápátá. Odò di yìnyín gbagidi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àwọn ẹlẹ́rù gba ọ̀dọ̀ ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ lọ, wọn kò padà. Èédú tí àwọn ọlọ́kọ̀ odò tó kù ń kó láti Atherstone lọ sí ilé iṣẹ́ jáàmù ní Southall dópin ní 1970.

Lọ́jọ́ tí lọ́ọ̀kì dá mi dúró yẹn, alẹ́ ti lẹ́ kí n tó dé ọ̀dọ̀ màmá. Láti ọjọ́ náà, kí òtútù tó wọlé ni mo ti ń já àpò èédú méjì àfikún sílẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà. Wọ́n á san owó rẹ̀ bí mo bá tún ń kọjá.