Nígbà tí Èélá Bá Ju Èélá Lọ

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, kò sí abúlé kan láti Mọ́níyà títí dé Àkánrán tí a kì í ti í rí ọmọ tí ara ń yún. Ibi tí apá àti ẹsẹ̀ ti ń ká yóò gbẹ, yóò le, yóò sì dúdú ju ìyókù ara lọ. Ti ọmọ ọwọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ojú àti orí. (Pupa tí ìwé àwọn òyìnbó ń sọ kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára ènìyàn dúdú.) Àwọn ìyá àgbà ń pè é ní èélá, àwọn dókítà ń pè é ní ẹ́kísímà. Òrí àti sùúrù ń ṣe púpọ̀ sí i, bí ọmọ bá sì ti ń dàgbà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò fi í sílẹ̀.

Ìyá kan láti oko kan ní Lágelú gbé ọmọkùnrin olóṣù mẹ́sàn-án wá sí ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé nítorí èélá yìí kan náà. Òrí kò ràn án, ọṣẹ dúdú tún mú kí awọ náà gbẹ sí i. Àwọn nǹkan yòókù ni kò kà mọ́ ọn: etí ọmọ náà ń ṣọyún, kẹ́mísì sì ti ta oògùn fún un nígbà mẹ́ta, òtútù àyà ti dá a dúbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ rẹ̀ jáde, wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, àmì tóótòòtó wà ní ojúgun rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀fọn ló jẹ ẹ́. Àìsàn márùn-ún, orúkọ márùn-ún.

Nọ́ọ̀sì àgbà tí ó gbà á kò tètè wo awọ ara. Ó ní, "Ìyá ọmọ, ọkùnrin mélòó ni màmá yín bí tí kò dàgbà?"

Obìnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Méjì ni. Àbíkú ni wọ́n pè wọ́n nílé; ọ̀bẹ ni wọ́n fi sàmì sí ojú èkejì lẹ́yìn tí ó kú tán, kí ó má baà padà wá. Òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ló yè.

Ìbéèrè yẹn ní ìtàn. Ní 1937, dókítà Alfred Wiskott ní ìlú Munich, ní Jámánì, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin mẹ́ta, ọmọ ìyá kan náà, tí èélá, etí ṣíṣọyún àti ẹ̀jẹ̀ dídà bá jà títí wọ́n fi kú. Kò sí ohun tó ṣe àwọn arábìnrin wọn. Ní 1954, Robert Aldrich ní Amẹ́ríkà tọ ìdílé kan láti ìran dé ìran, ó sì rí i pé ọ̀dọ̀ ìyá ni irú àrùn náà ń gbà dé ara ọmọkùnrin. Orúkọ àwọn méjèèjì ló ń jẹ́ dòní. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ kò lè jà bó ti yẹ, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì kéré, wọn kò sì pọ̀. Ká ní Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n ti bí àwọn ọmọ Munich wọ̀nyẹn, àbíkú ni wọn ì bá jẹ́.

Ó yẹ kí àwọn ìyá ọkọ gbọ́ eléyìí dáadáa: ìyá kò mọ̀ pé òun gbé e, ara tirẹ̀ sì le. Oyún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí ó bá ní dà bí owó ẹyọ tí a jù sókè. Ó lè bọ́ síhìn-ín, ó lè bọ́ sọ́hùn-ún.

Irú rẹ̀ mìíràn tún wà, tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi orúkọ Jóòbù pè ní 1966 nítorí éèwo. Éèwo náà ń ṣọyún ṣùgbọ́n kì í gbóná, eyín ọmọdé sì lè kọ̀ láti ká.

Ọmọ eléèélá lásán náà lè ha ara títí egbò yóò fi gbọyún. Àìjẹun tó àti kòkòrò HIV sì lè fa àìsàn léraléra. Ojú lásán kò tó láti pinnu. Ṣùgbọ́n ọmọ eléèélá lásán sábà máa ń sanra, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣàdédé tú lára rẹ̀. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò le: kíka sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n fi ń wá àìtó ẹ̀jẹ̀. Ìwòsàn ló le. Láti 1968 ni wọ́n ti ń fi mùdùnmúdùn eegun ọmọ ìyá ẹni ṣe é lókè òkun, owó rẹ̀ sì ju ìkórè ẹ̀gẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún lọ. Síbẹ̀, ọmọ tí a bá ti mọ ohun tó ń ṣe é, a kì í fún un ní asipirínì, ibà rẹ̀ kì í sì í dúró di ọ̀la.

Nọ́ọ̀sì tún béèrè nípa olóolà: "Nígbà tí wọ́n dábẹ́ fún un, báwo ni ẹ̀jẹ̀ náà ti pẹ́ tó kó tó dá?" Ìyá ọmọ ní ó di ọjọ́ kejì, aṣọ mẹ́rin ló rin. Kò sí ẹni tó so ó mọ́ èélá rí. Nọ́ọ̀sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú káàdì, ó ní kí ó gbé e dé UCH ní Ìbàdàn. Obìnrin náà yí káàdì náà síwá sẹ́yìn, ó sì béèrè bóyá ó yẹ kí òun mú àbúrò òun tó lóyún dání.